Ẹ̀bi ọmọ ogun nínú ewì Wilfred Owen

Àwọn àgbà ní: ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Orí òwe yìí ni ọmọ ogun ń gbé ìpànìyàn rẹ̀ lé. Ewì Wilfred Owen, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, yí òwe náà po.

Ní 1917, ogun ilẹ̀ Faransé da ọkàn Owen rú, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Craiglockhart ní Edinburgh. Ó padà sójú ogun. A pa á ní Ors ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 1918, ọjọ́ méje ṣáájú kí ìjà tó dáwọ́ dúró.

Nínú «Strange Meeting», ọmọ ogun kan bá ara rẹ̀ nínú ihò ilẹ̀. Ẹni tí ó bá níbẹ̀ pè é ní ọ̀rẹ́, ó sì sọ fún un pé òun ni ó gún pa lánàá. Òkú náà kò bèèrè ẹ̀san. Èyí ni ó mú kí ẹ̀bi náà wúwo. Ìró èdè pàápàá ń jẹ́rìí: ní ìparí ìlà, kọ́ńsónáǹtì bára mu, fáwẹ̀lì kò bára mu, etí ń retí ìsinmi tí kò dé.

Nínú «Mental Cases», ìrántí ìpànìyàn kò fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀. Níkẹyìn, ọwọ́ wọn nà sí àwa tí a rán wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bi padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán ni níṣẹ́.