Nígbà Tí Transfer Há

Ní oṣù kejì ọdún 2023, "Èló ni?" kọ́ la kọ́kọ́ máa ń bi oníbúrẹ́dì ní Akówọnjọ. "Ṣé transfer ń wọlé?" ni. Báńkì àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé òun máa pààrọ̀ N200, N500 àti N1000. Nígbà tí gbèdéke ọjọ́ 10 oṣù kejì fi máa pé, owó tuntun ò tó nǹkan, àwọn ọlọ́jà ò sì fẹ́ gba ti àtijọ́. Gbogbo wa bá rọ́ lọ sórí transfer lẹ́ẹ̀kan náà. Ló bá há. Owó á kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rajà, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, àwọn méjèèjì á wá máa wo ara wọn bí olè, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó purọ́.

Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá áàpù lóhùn, lèrò kún. Ilé iṣẹ́ tó bá ra sáfà tirẹ̀, ìwọ̀n èrò ojoojúmọ́ ló máa ń rà á sí. Kó tó ra òmíràn kó sì tò ó, ọ̀sẹ̀ á ti gorí ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ti wà ṣá. Ọdún 2013 ni Docker jáde: wọ́n á di áàpù àti gbogbo ohun tó nílò sínú ẹrù kan ṣoṣo, wọ́n ń pè é ní kọ̀ntéénà, bíi ti Apapa. (Ní 1956, ọkọ̀ Ideal X gbé 58 irú ti Apapa yẹn láti Newark lọ sí Houston. Kíréènì kì í béèrè bóyá bàtà ló wà nínú ẹ̀ àbí ẹja.) Ní 2014, Google gbé Kubernetes jáde, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí atukọ̀. Bí èrò bá pọ̀, atukọ̀ yìí á tan kọ̀ntéénà sí i kíá, lórí sáfà tí wọ́n háyà nínú cloud. Bí èrò bá lọ sùn, á pa á.

Ṣùgbọ́n transfer kì í parí sí báńkì ẹni. Láti 2011 tí NIBSS ti gbé NIP kalẹ̀, ọ̀dọ̀ NIBSS ló ń gbà kọjá lọ sí báńkì kejì, èsì á sì padà wá. Ẹ da ọgọ́rùn-ún dánfó sí ráńdábáàtì Akówọnjọ, tí ọ̀nà Dọ̀pẹ̀mú bá dí, kí lẹ ṣe? Ìwé àkáǹtì fúnra rẹ̀ ò sì ṣeé sọ di púpọ̀ wẹ́rẹ́ bí áàpù. Tí ẹ̀dà méjì bá ń sọ pé N5,000 wà lọ́wọ́ èèyàn, tí wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀, á ná an lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí, lójú tiwa, tí áàpù á fi ṣí wẹ́rẹ́, tí owó inú ẹ̀ ò ní lọ síbì kankan.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ká máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún. Owó padà sígboro díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ àkáǹtì kejì, ìkẹta tí a sáré ṣí lórí fóònù lásìkò náà, a ò tì í pa. Tí ọ̀kan bá há, èkejì á lọ.