Bí Èéfín Ṣe Di Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn ibi tí àwọn ìyá wa ti ń se ọṣẹ dúdú. Ẹ ti rí i bí wọ́n ṣe ń sá èèpo kòkó sí oòrùn, tí wọ́n ń sun ún di eérú, tí wọ́n sì ń da omi sí eérú náà kí omi rẹ̀ lè máa kán sínú ìkòkò. Omi eérú yìí ni wọ́n ń pò mọ́ epo lórí iná títí yóò fi di ọṣẹ. Èèpo tí olóko ìbá jù nù ni ó ń fọ ara wa mọ́.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù náà, eérú ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Wọ́n ń sun koríko etí òkun, wọ́n sì ń yọ sódà nínú eérú rẹ̀ láti fi ṣe ọṣẹ àti gíláàsì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i, eérú kò tó mọ́. Ní ọdún 1775, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ọba ilẹ̀ Faransé kéde pé ẹ̀bùn wà fún ẹni tó bá lè yọ sódà láti inú iyọ̀. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Nicolas Leblanc ló rí ọ̀nà náà, ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1791. Ṣùgbọ́n ìdàrúdàpọ̀ dé sí ìlú, wọ́n gba ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí ẹ̀bùn náà gbà. Inú ìṣẹ́ ló kú sí ní ọdún 1806.

Báyìí ni ọ̀nà Leblanc ṣe rí. Wọn a da omi kíkan líle kan, tí à ń pè ní ásíìdì, sórí iyọ̀. Wọn a wá fi òkúta ẹfun àti èédú ilẹ̀ kún un, wọn a sì sun ún nínú iná ńlá. Lẹ́yìn náà ni wọn a fi omi fọ sódà jáde. Ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ṣe tọ́ọ̀nù sódà 8, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5½ gáàsì kíkan yóò gba inú ọ̀pá èéfín lọ sójú ọ̀run, tọ́ọ̀nù pàǹtírí 7 yóò sì kù sílẹ̀ fún ààtàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù. James Muspratt bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Liverpool ní nǹkan bí ọdún 1823. Láìpẹ́ ó tàn dé St Helens àti Widnes. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí epo pupa láti Èkó àti láti ẹnu odò Ọya ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ń kó lọ sí Liverpool, sódà ni wọ́n sì ń pò mọ́ epo náà láti fi ṣe ọṣẹ.

Bí ọlà ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyà ń pọ̀. Bí gáàsì náà bá ti pàdé ìrì tàbí òjò, á di ásíìdì. Ewé igi ń rọ, koríko ń gbẹ, ohun ọ̀gbìn ń jóná lórí ìdúró. Eyín àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fara mọ́ iná náà ń jẹrà lẹ́nu wọn. Ààtàn sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ké, Muspratt mọ ọ̀pá èéfín tó ga fíofío. Ọ̀pá gíga kò pa èéfín. Ọ̀nà jíjìn ló gbé e lọ, sórí oko ẹlòmíràn.

Síbẹ̀ ẹnì kan ti rí àtúnṣe. Ní ọdún 1836, William Gossage gba ìwé àṣẹ fún ilé gogoro kan tí a kó nǹkan wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Bí gáàsì ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, omi ń ṣàn wálẹ̀ láti òkè, ó sì ń gbé e mì. Ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olówó kò kà á sí. Ta ni yóò náwó láti mú ohun tí afẹ́fẹ́ ń bá a gbé dà nù lọ́fẹ̀ẹ́?

Nígbà tó di ọdún 1862, Lord Derby, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí St Helens, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Aṣòfin. Ní ọdún 1863 òfin jáde pé ilé-iṣẹ́ sódà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán 95 nínú 100 gáàsì náà. Wọ́n yan Robert Angus Smith ṣe wòléwòlé àgbà, wọ́n sì fún un ní igbákejì 4. Ọkùnrin yìí ń ṣe bí olùkọ́ ju bí ọlọ́pàá lọ. Ó ń wọ ilé-iṣẹ́, ó ń wọn èéfín, ó sì ń fi ibi tí àṣìṣe wà han onílé-iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ ná. Ásíìdì tí wọ́n mú, ọ̀pọ̀ wọn dà á sínú odò. Wọ́n gba igi là, wọ́n ba omi jẹ́. Nígbà tí ó bá sì ṣàn kan ààtàn, òórùn burúkú a tún gbòde.

Ìgbà yìí gan-an ni ọgbọ́n dé. Àwọn kan ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a lè yọ klórínì nínú ásíìdì yìí, kí a fi ṣe ìyẹ̀fun tí ń sọ aṣọ àti ìwé di funfun. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, Walter Weldon àti Henry Deacon wá ọ̀nà tí iṣẹ́ náà fi pọ́ọ́kú. Ohun tí wọ́n ti ń dà nù wá di ọjà.

Kò pẹ́ sí i, Ernest Solvay, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1861, mú ọ̀nà tuntun wá fún ṣíṣe sódà. Ó ń lo amóníà, ó sì ń gbà á padà láti tún un lò. Sódà rẹ̀ pọ́ọ́kú ju ti Leblanc lọ. Ó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ wọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ló gbé wọn ró? Ìyẹ̀fun funfun náà ni. Èéfín tí òfin fi dandan mú wọn kó jọ ló wá ń bọ́ wọn. Ní Widnes, etí odò kan tí ilé-iṣẹ́ sódà wà rí, tí wọ́n ń pè ní Spike Island, ti di ọgbà ìgbafẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí. Ẹni tí kò bá kó ìdọ̀tí rẹ̀ jọ kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n Gossage nìkan kò tó, òfin nìkan kò sì tó. Ìgbà tí méjèèjì pàdé ni ìlú rí ìsinmi.

Lọ́la, bí ẹ bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ wo ibi tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lọ, kí ẹ wo bí koríko ibẹ̀ ti rí. Ẹ wo èèpo ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú: ṣé ó ń jẹrà lásán ni, tàbí wọ́n ń sá a gbẹ fún ewúrẹ́? Kí ẹ wá bi ara yín léèrè pé: kànga ta ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀? Ó dìgbà kan ná o.