Eku méjì: àwọn dókítà wa tó ń kọ̀wé

1/ Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ Òkè-Ògùn tórí yín sì pé nílé ìwé, ẹ ti gbọ́ ọ rí: "Dókítà ni kó o ṣe." Ẹ wá lọ sọ pé ìwé ìtàn lẹ fẹ́ máa kọ! Òwe ló máa tẹ̀lé e: ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Wọ́n pa á fún èmi náà. Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn dán òwe yìí wò 👇

2/ Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ni wọ́n bí Látúndé Odeku sí ní 1927. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá sí UCH Ìbàdàn ní 1962.

3/ Ọwọ́ tó ń ṣíṣẹ́ abẹ nínú agbárí yẹn náà ló ń kọ ewì. Twilight Out of the Night jáde ní 1964, Whispers from the Night ní 1969. Ọmọ ọdún 47 péré ni nígbà tó kú ní 1974. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ìkàwé ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn títí dòní.

4/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òkè, ni wọ́n bí Wálé Òkédìran sí ní 1955. Ó kọ́ ìṣègùn ní Ifẹ̀. Rainbows Are for Lovers jáde ní 1987, The Boys at the Border ní 1991: ọ̀rọ̀ àwọn aṣọ́bodè àti onífàyàwọ́. Ẹ̀yin ará Ṣakí, ìyẹn ò ṣàjèjì sí yín, àbí?

5/ Láàárín 2003 sí 2007, ó ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Jíìpù làwọn míì ń gbé bọ̀ láti Àbújá, ìwé lòun gbé bọ̀: Tenants of the House, 2009.

6/ Ìwé yẹn gba ẹ̀bùn Wọlé Ṣóyínká ní 2010. Ta ló bá a pín in? Kopano Matlwa, ọmọ South Africa, tó kọ Coconut nígbà tó ṣì ń kọ́ ìṣègùn. Ẹ̀bùn kan, dókítà méjì!

7/ Ọdún 2010 yẹn náà ló dá ilé àwọn òǹkọ̀wé Ebedi sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Àwọn òǹkọ̀wé láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ń wá gbé ibẹ̀ kọ̀wé, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ìlú wa. Àwa tá a máa ń sá lọ sí Èkó, àwọn kan ń ti òkèèrè wá bá wa.

8/ Ṣé òwe parọ́ ni? Rárá o. Eku tó bá sá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòwe ń sọ. Inú ihò kan náà ni tiwọn wà. Ohun téèyàn ò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀, á sọ ọ́ fún dókítà. Ẹni tó bá ń gbọ́ irú ẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé ó lè wá ìtàn tì?

9/ Àmọ́ ká sòótọ́: iṣẹ́ dókítà máa ń bọ́ni, ewì kì í sábà bọ́ ẹnikẹ́ni. Torí náà, àbúrò mi tó wà ní SS2 ní Ìsẹ́yìn, má sá fún Biology. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kó o ju ìwé ìtàn tó ò ń kọ nù, fi thread yìí hàn án.

Dókítà òǹkọ̀wé wo lẹ tún mọ̀? Ẹ kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀.