Ìlàjà fún Òbí Tó Fẹ́ Túká: Láti Ààfin Ọwá dé Ọ́fíìsì Wẹ́fíà

Nígbà tí ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ Ọ̀tan (Ọ̀tan Ayégbajú ní Ọ̀ṣun òde òní) àti àwọn ìlú bí Ìgbájọ àti Àdá wà nínú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1886. Àwọn ìlú náà bọ́ sábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù ú kó jókòó síbẹ̀, ẹni tí kò bá sì wù lè kó kúrò. Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan dé èkejì kí àdéhùn yẹn tó fìdí múlẹ̀. Àwọn onílàjà náà kò sọ pé dandan ni kí gbogbo èèyàn tún máa gbé pọ̀. Wọ́n gbà pé ìpínyà lè wà, wọ́n sì fún un ní ìlànà. Nínú ọ̀rọ̀ tọkọtaya, a kò tíì fi bẹ́ẹ̀ fàyè gba irú ìlàjà bẹ́ẹ̀. Láti ayé àtijọ́ títí di òní, bí ilé bá fẹ́ dàrú, ohun tí a máa ń béèrè ni “ta ló ni ọmọ?” Lójú tèmi, “kí ni olúkúlùkù yóò máa ṣe fún ọmọ?” ló yẹ kó ṣáájú, ilé tí akàndá ọmọ tàbí òbí tó ní ìpèníjà ara sì wà ni àṣìṣe wa ti hàn jù.

Ìgbéyàwó àwọn bàbá wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Alárenà ló so ó, ẹbí méjèèjì ló gbà á, nítorí náà bí ìjà bá dé, ọ̀dọ̀ baálé ló kọ́kọ́ ń lọ. Bí ti baálé kò bá ràn án, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè, ó sì lè dé iwájú ọba. Ní Ọ̀tan, iwájú Ọwá nìyẹn. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí lọ́dún 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, Johnson yìí kan náà sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé obìnrin kò ní ọ̀nà àbáyọ. Obìnrin tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́ lè sá lọ di òpó ààfin mú, ọkọ kò sì ní lè wọ́ ọ padà. Àwọn àgbà kì í sábà wá ọ̀nà tí tọkọtaya yóò fi pínyà dáadáa. Bí ìyàwó yóò ṣe padà sílé ọkọ ni wọ́n ń wá. Bí kò bá padà, ọmọ jẹ́ ti ìdílé bàbá, ọmọ ọwọ́ nìkan ló ń bá ìyá lọ títí wọn yóò fi já a lẹ́nu ọmú. Agboolé ló jẹ́ kí ètò yẹn ṣeé fara dà, nítorí ọwọ́ tó ń gbé ọmọ níbẹ̀ pọ̀. A tún ní ìgbàgbọ́ pé àfín, abuké àti aràrá jẹ́ ẹni òrìṣà, tí Ọbàtálá fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, ìyẹn sì dáàbò bo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, kò yẹ ká bu oyin lé e ju bó ṣe yẹ lọ: ìyá ni wọ́n sábà máa ń ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí lọ́rùn.

Ìjọba àwọn òyìnbó yí ibi tí ẹjọ́ ń lọ padà. Judith Byfield, òpìtàn tó ṣe ìwádìí lórí Abẹ́òkúta, fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba amúnisìn ni àwọn obìnrin ti ń lo kóòtù tuntun láti fi jáwọ́ nínú ìgbéyàwó. Lẹ́yìn òfin kóòtù ìbílẹ̀ ti ọdún 1914, ẹjọ́ báyìí wá di ti ojoojúmọ́. Kí ni kóòtù ń gbọ́ níbẹ̀? Owó orí: èló ni ọkọ san, èló ni yóò gbà padà, ta ni yóò san án. Wọ́n wọn ohun tó ṣeé kà, wọ́n fi ọmọ sí ibi tí àṣà fi í sí. Àgbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin kóòtù ìbílẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1957, ó sì gbé ìlànà jáde lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ lọ́dún 1958. Òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ló wá sọ gbangba pé àǹfààní ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, ó sì ní kí adájọ́ máa wo bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kóòtù ìjọba nìkan ni òfin yẹn ń bá wí. Ìdána àti yìgì kò sí nínú rẹ̀. Ó di ọdún 1989 kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ nínú ẹjọ́ Okwueze pé ẹ̀tọ́ tí àṣà fún bàbá lórí ọmọ kò gbọdọ̀ borí ire ọmọ náà.

Ìlàjà tó gbà pé ìyapa ti dé tún ní ìtàn tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, agbẹjọ́rò O. J. Coogler bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Atlanta lọ́dún 1974. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bristol bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1978. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014, òbí tó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ sí kóòtù níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ rí onílàjà, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Lọ́dọ̀ tiwa, Èkó dá kóòtù onílẹ̀kùn púpọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2002, níbi tí a ti lè fi ìlàjà yanjú ẹjọ́, ṣùgbọ́n èyí tí mẹ̀kúnnù mọ̀ ni wẹ́fíà, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọmọ. Ọ̀tan ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, nítorí náà kò yẹ kí irú iṣẹ́ yìí jìnnà sí àwọn ará ibẹ̀. Àbùkù kan ló wà nínú bí a ṣe ń ṣe é: owó oúnjẹ oṣooṣù ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dúró lé. Ẹ wo ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ládìde. Ojoojúmọ́ ló ń lo folic acid, ó ń lo oògùn adènà ibà, òùngbẹ kò gbọdọ̀ gbẹ ẹ́, òtútù kò sì gbọdọ̀ mú un. Bí ìrora bá kì í mọ́lẹ̀ lóru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Òṣogbo. Ta ni yóò ra oògùn kí páálí tó tán? Ọwọ́ ta ni káàdì ilé ìwòsàn yóò wà? Bí ọmọ bá lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ bàbá ní Èkó, ta ni yóò fi àmì ìrora náà han ìyàwó bàbá tó wà nílé níbẹ̀? Ọmọ tí kò lè dá jókòó ńkọ́, tí ìyá rẹ̀ kò lè lọ sọ́jà mọ́ nítorí rẹ̀? Ọjà tí ìyá yẹn pa tì jẹ́ owó tó ti san, ó sì yẹ kí onílàjà kà á mọ́ ìpín tirẹ̀.

Nígbà mìíràn, òbí gan-an ló ní ìpèníjà. Òfin 1970 gbà kí a tú ìgbéyàwó ká bí ọpọlọ ẹnì kejì bá dàrú, tí kò sì jọ pé yóò yá, bí wọ́n bá ti dá a dúró sí ilé ìtọ́jú fún ọdún 5 láàárín ọdún 6. Ìyẹn tú ìgbéyàwó; kò sọ bí ọmọ yóò ṣe máa rí òbí náà. Bí ìyá bá jẹ́ adití, tí ẹbí ọkọ sì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìsí ògbifọ̀ èdè ọwọ́, ìdájọ́ ni wọ́n ṣe fún un, wọn kò bá a làjà. Láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni òfin àpapọ̀ ti lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ fún ẹni tó ní ìpèníjà ara. Yàrá ìlàjà kò gbọdọ̀ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀.

Àwọn kan yóò ní àwọn àgbà ti ń ṣe èyí tipẹ́. Wọ́n ń ṣe é, ipò wọn sì ṣe pàtàkì; Kùránì pàápàá ní kí a mú ẹnì kan láti ẹbí ọkọ àti ẹnì kan láti ẹbí ìyàwó. Àmọ́ ẹni tó wá láti ẹbí kan kò lè dá ṣe adájọ́ ẹbí náà, ìdí nìyí tí ẹni tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ìlàjà ń dá obìnrin tí wọ́n ń lù padà sọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Ẹ̀rù tó tọ́ láti bà wá ni. Kí onílàjà kọ́kọ́ bá olúkúlùkù sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Bí lílù bá wà níbẹ̀, kó dá iṣẹ́ dúró, kó tọ́ka sí ọlọ́pàá àti kóòtù. Ẹlòmíràn yóò béèrè pé ta ni yóò mú bàbá tó bá da àdéhùn. Òfin ìlàjà ti ọdún 2023 ti sọ pé a lè gbé àdéhùn ìlàjà lọ sí kóòtù kó lè ní agbára, nítorí náà kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí òbí méjèèjì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò, nítorí ohun tí ọmọ ọdún 4 nílò kọ́ ni yóò nílò bó bá di ọmọ ọdún 12.