Ohun Àjèjì Láàárín Ìpele

Iṣẹ́ ìkìbọ̀, ìyẹn fífi átọ́ọ̀mù tàbí àkójọ átọ́ọ̀mù àjèjì há àárín àwọn ìpele ohun líle láìba ìpele náà jẹ́, ti wà ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé átọ́ọ̀mù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni Schafhäutl, onímọ̀ ará Jámánì, kíyè sí i pé gíráfáítì, ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù, máa ń wú bí a bá rì í sínú ásíìdì líle. Gíráfáítì jẹ́ ìpele lórí ìpele bí abala ìwé: àwọn átọ́ọ̀mù inú ìpele kan di ara wọn mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n ohun tí ó so ìpele kan mọ́ èkejì kò yi, ìdí sì nìyẹn tí àlejò fi lè ráyè wọ àárín wọn.

Ìlú Leiden ní Netherlands ni ìtàn kejì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1911, nígbà tí Heike Kamerlingh Onnes àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ rí i pé bí mẹ́kúrì bá tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 4.2 lórí òṣùwọ̀n Kelvin, èyí tí òdo rẹ̀ jẹ́ òtútù tí kò sí èyí tí ó lè jù ú lọ, iná mànàmáná a máa ṣàn gba inú rẹ̀ láìpàdánù agbára rárá. Ipò yìí ni ìṣàn aláìní-ìdíwọ́. Ìtàn méjèèjì pàdé ní 1965, nígbà tí àwọn onímọ̀ Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà kédé pé gíráfáítì tí a ki pòtásíọ́ọ̀mù bọ̀ wọ ipò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù tí ó ń béèrè kò tó ìwọ̀n Kelvin kan.

Ní 1970 ni ọ̀rọ̀ náà gbóná. Àwọn olùwádìí Gamble, DiSalvo, Klemm àti Geballe ki pírídíìnì, kẹ́míkà olómi tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé fara dà, bọ àárín ìpele tántálọ́ọ̀mù oní-imí-ọjọ́. Ìpele wọ̀nyí jìnnà síra wọn dé nǹkan bí ìlọ́po méjì, èyí tí ì bá mú ẹnikẹ́ni rò pé ìṣàn náà yóò rẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ gòkè láti 0.8 Kelvin sí nǹkan bí 3.5.

Àlàyé rẹ̀ dé nígbà tí Wilson, DiSalvo àti Mahajan fi hàn, láàárín 1974 sí 1975, pé nínú irú àwọn ohun onípele bẹ́ẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í tàn káàkiri dọ́gba, bí kò ṣe pé wọ́n ń ki níbì kan tí wọ́n sì ń fọ́nká níbòmíràn ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀, tí wọ́n sì ń fa àwọn átọ́ọ̀mù kúrò láyè wọn díẹ̀. Èyí ni ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí Rudolf Peierls ti ṣàlàyé irú rẹ̀ ṣáájú fún ìlà átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ìgbì bá ti gbà kò tún sí fún ìṣàn mọ́. Nítorí náà, bí àlejò bá paná ìgbì, ìṣàn a lágbára sí i.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ níhìn-ín pé ẹ̀ka tí ó so èso jù lọ lára iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wá: Stanley Whittingham, tí òun náà ṣiṣẹ́ lórí ìkìbọ̀ sínú tántálọ́ọ̀mù oní-imí-ọjọ́, ni ó fi títáníọ́ọ̀mù oní-imí-ọjọ́ àti lítíọ́ọ̀mù ṣe bátìrì tí a ń gba iná sí padà, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì ní 2019.

Ẹ̀rí ìfagagbága láàárín ìgbì àti ìṣàn náà túbọ̀ hàn ní 2006, nígbà tí wọ́n ki bàbà bọ títáníọ́ọ̀mù oní-sẹ̀lẹ́níọ́ọ̀mù ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà: ìgbì rẹ̀, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 200 Kelvin, rọlẹ̀, ìṣàn aláìní-ìdíwọ́ sì yọjú, ó ga dé nǹkan bí 4 Kelvin. Ṣùgbọ́n àlàyé yìí kò kárí. Gíráfáítì tí a ki kálísíọ́ọ̀mù bọ̀, tí a mọ̀ láti 2005 pé ó ń bẹ̀rẹ̀ ìṣàn ní 11.5 Kelvin, ni àwọn olùwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù tún rí ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lójú rẹ̀ ní 2011, lórí àwọn ìpele gíráfáítì gan-an.