Irin Tó Ń Bẹ̀rù Òtútù

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kínní ọdún 1943, ọkọ̀ agbépo Schenectady fẹ́rẹ̀ẹ́ là sí méjì ní èbúté Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ojú omi pa rọ́rọ́. Ọkọ̀ náà kò kọlu ohunkóhun, tuntun ni. Òtútù nìkan ló mú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn jórinjórin ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Ríwẹ́ẹ̀tì, ìṣó olórí méjì, ni wọ́n fi ń kan awẹ́ irin ọkọ̀ mọ́ra tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì le, Amẹ́ríkà yára gba iná mànàmáná láti fi jó irin pọ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ yá. Báyìí ni ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ń pè ní Liberty, tó lé ní 2,700, ṣe jáde láàárín ọdún 1941 sí 1945.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1888 ni Nikolay Slavyanov, ará Rọ́ṣíà, ti fi ọ̀pá irin gbé iná, tí ọ̀pá náà sì ń yọ́ dí àlàfo àárín irin méjì. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ń wọnú irin yíyọ́, ó sì ń bà á jẹ́. Oscar Kjellberg, ará Sweden tó dá ilé iṣẹ́ ESAB sílẹ̀ ní Gothenburg lọ́dún 1904, ló wọ èèpo fún ọ̀pá náà. Bí irú èèpo bẹ́ẹ̀ bá ń jó, èéfín rẹ̀ á lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ìdàrọ́ rẹ̀ á sì bo ojú iṣẹ́ kó má baà tètè tutù.

Apá ti ń ká iná. Ó ku irin fúnra rẹ̀.

Constance Tipper, onímọ̀ nípa irin ní Yunifásítì Cambridge, ló wá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà rí. Ó fi hàn pé irin tó ń tẹ̀ nígbà ooru lè fọ́ bí àwo tánganran nígbà òtútù. Àléébù kékeré lójú ibi tí wọ́n jó, tàbí igun ẹnu ihò ìkẹ́rù, tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lára ọkọ̀ oníríwẹ́ẹ̀tì, sísán náà sábà máa ń parí sí etí awẹ́ kan. Lára ọkọ̀ tí wọ́n jó pọ̀, ọ̀nà là fún un láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́.

Àwọn akanọkọ̀ sọ igun ihò ìkẹ́rù di roboto. Àwọn tó ń rọ irin dín kábọ̀nù rẹ̀ kù, wọ́n fi máńgánísì kún un. Àwọn jórinjórin náà ń yan ọ̀pá wọn gbẹ nínú ààrò, wọ́n sì ń mú irin tó nípọn gbóná kí wọ́n tó jó o. Lónìí, irin tí wọ́n máa lò níbi tí wàhálà pọ̀ sí jù lára ọkọ̀ ńlá ń jẹ òòlù ìdánwò nínú òtútù kó tó dé ọwọ́ wọn.