Ẹ̀rí Atropine Kò Tó: Ẹ̀wà Kàlábá àti Risẹ́pítọ̀ Muscarinic Inú Ọkàn

Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti ń gbé àgbo àti egbòogi wa wọ yàrá ìwádìí ni àṣà kan ti fìdí múlẹ̀ tí mo fẹ́ ta kò gidigidi: bí omi egbòogi kan bá mú kí ọkàn ẹran máa lù lọ́ra, tí atropine, oògùn tó ń dí risẹ́pítọ̀ muscarinic, sì dá lílù náà padà sí ipò rẹ̀, kíá ni wọn a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èròjà inú egbòogi náà fúnra rẹ̀ ló so mọ́ risẹ́pítọ̀ muscarinic. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Atropine fi hàn pé risẹ́pítọ̀ náà lọ́wọ́ sí ọ̀ràn náà. Kò fi ẹni tó ṣiṣẹ́ lé e lórí hàn.

Ẹ̀wà Kàlábá, eséré àwọn Ẹ́fíìkì, tí wọ́n ń fún afurasí àjẹ́ jẹ láyé ọjọ́un, ni ẹlẹ́rìí mi. Ní 1864 ni Jobst àti Hesse yọ physostigmine nínú rẹ̀, èyí tí Vée àti Leven sọ ní eserine lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Otto Loewi, ní 1921, ti ru iṣan vagus ọkàn àkèré kan sókè, tí ó sì rí i pé omi inú rẹ̀ mú kí ọkàn kejì rọ̀ wọ̀ọ̀, ó kù kí a mọ ibi tí eserine wọlé sí. Òun àti Navratil ló sì fi hàn ní 1926 pé ńṣe ni eserine ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ acetylcholine, èròjà tí iṣan vagus ń tú jáde, túútúú lọ́wọ́. Acetylcholine tí kò rí ẹni fọ́ ọ ló wá ń ru M2, irú risẹ́pítọ̀ muscarinic tó wà nínú ọkàn, sókè, kì í ṣe eserine. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìpetumodù mọ̀ pé ìkòkò tó ń jò lè kún nítorí pé a ń da omi sí i ju bó ti ń jò lọ, ó sì lè kún nítorí pé a fi amọ̀ dí ojú ihò rẹ̀; ẹni tó wo ojú omi nìkan kò lè mọ èwo ni.

Ẹ̀rí kan wà tí a ń fojú fò dá. Bí iṣan tó lọ sí ọmọlójú bá ti kú, eserine kì í lè mú kí ọmọlójú náà súnkì mọ́, bẹ́ẹ̀ pilocarpine, tó ń so mọ́ risẹ́pítọ̀ fúnra rẹ̀, ṣì ń mú un súnkì. Èé ṣe tí a kò gbé ẹ̀kọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ ọkàn? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwọn kan gbà pé ọkàn tí a bá ti yọ kúrò lára ẹran kò ní iṣan kankan mọ́. Irọ́ ni: ẹnu àwọn ọmọ iṣan vagus ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lè máa tú acetylcholine jáde. N kò sọ pé eserine kò lè fọwọ́ kan nǹkan mìíràn bí ó bá pọ̀ jù. Ohun tí mò ń sọ ni pé lílù ọkàn tó falẹ̀ kò fi ìdí sísomọ́ múlẹ̀.

Ti igi ọbọ̀, egbòogi mìíràn, kò gùn: ọkàn ni èèpo rẹ̀ ń bá jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ti sódíọ̀mù jáde nínú ẹran ara ọkàn ló ń dí, bíi ti oògùn ọkàn digitalis. Egbòogi apíkán ní tirẹ̀ ni a lè fi ọkàn balẹ̀ pè ní asomọ́-risẹ́pítọ̀, nítorí hyoscine àti hyoscyamine inú rẹ̀ ń dí i fúnra wọn.

Nítorí náà, mo rọ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní Ifẹ̀ àti níbikíbi: ẹ fi acetylcholine dán omi egbòogi náà wò, kí ẹ sì fi carbachol, tí ẹ́ńsáìmù náà kò lè fọ́, dán an wò pẹ̀lú. Bí ó bá mú agbára ti àkọ́kọ́ le sí i, tí kò sì mú ti èkejì le, ẹ́ńsáìmù ló dí. Àpilẹ̀kọ tí kò bá ní àyẹ̀wò yìí, èmi kò ní ka ohun tó sọ nípa risẹ́pítọ̀ sí ẹ̀rí.